Ẹni tí ó Jìn sí Kòtò: Gbèsè Ẹni tí ó Mọ Ọ̀nà Abẹ́ Ilẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu ọmọ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Bí ọmọ kan bá ṣìṣe, a ó pa á fún àbúrò rẹ̀. Bí oníṣòwò kan bá jẹ gbèsè tí ó sì sá kúrò nílùú, a ó pa á fún ẹni tí ó kù lọ́jà. Ṣùgbọ́n òwe náà gba ohun kan gbọ́ tí kò sọ jáde: pé ará yòókù rí ẹni náà nígbà tí ó ń jìn, tàbí pé wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀. Bí ẹnì kan bá jìn sí kòtò tí ojú kankan kò rí i, tí koríko sì hù bo ẹnu kòtò náà lẹ́yìn rẹ̀, ta ni ó kọ́ lọ́gbọ́n? Kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn di ọ̀kan nínú ohun tí ẹni tí yóò tún jìn yóò bá nísàlẹ̀.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀bá òkè tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn ìlú Enugu, níbi tí àwọn ihò èédú tí a ti kọ̀ sílẹ̀ ti la ẹnu sí ara òkè. Ihò wọ̀nyí kò dà bí kànga tí a ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn wọ̀ wọ́n, bí ẹni ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ìpele èédú ti yọjú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi léwu ju kànga lọ. Kànga a máa ba ni lẹ́rù. Ẹnu ọ̀nà a máa pe ni wọlé.

Àwọn kan wà tí ń jẹ́ ìpè náà. Kì í ṣe ní Enugu nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà, àti ní ibi púpọ̀ tí a ti wa èédú rí, a máa ń rí ènìyàn tí ìfẹ́ àtirí ìkọ̀kọ̀ ń fà wọ inú ọ̀nà tí awakùsà ti fi sílẹ̀. Ṣé wọ́n jẹ̀bi? Bí wọ́n bá jẹ̀bi, ta ni wọ́n ṣẹ̀? Bí wọn kò bá sì jẹ̀bi, ṣé wọ́n jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè nígbà tí wọ́n bá jáde? Ó yẹ kí a gbé ìbéèrè wọ̀nyí yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí ó bá dá wọn lóhùn dáadáa yóò ti dáhùn ohun tí ó ju ọ̀rọ̀ ihò lọ.

Bí ọ̀nà náà ṣe di ọ̀nà

Ní ọdún 1909 ni àwọn tí ìjọba amúnisìn rán jáde láti wá ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀, tí Albert Kitson jẹ́ olórí wọn, rí èédú ní agbègbè Udi. Ní ọdún 1915 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ní ọdún 1916 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sí èbúté Port Harcourt, nígbà tí ó sì di ọdún 1917 a ṣí ihò Iva Valley. Kí ó tó di ìgbà náà, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń fi ọkọ̀ òkun kó èédú tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ń lò wá. Lẹ́yìn rẹ̀, èédú Enugu ni ó ń jó nínú ikùn ẹ́ńjìnnì tí ń gbé ènìyàn láti Ìdó lọ sí Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ọ̀ffà. Nígbà tí a ṣí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ìjọra ní Èkó ní ọdún 1923, èédú ni ó ń dáná rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Udi rí ni ó ti rìnrìn àjò, tí ó sì ti kàwé lálẹ́, pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn wà jáde láti inú òkùnkùn ibẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn awakùsà gbà ń ṣiṣẹ́ ni ti yàrá àti òpó. Wọn a gbẹ́ yàrá sínú èédú, wọn a sì fi òpó èédú sílẹ̀ láàárín yàrá kan àti èkejì kí òrùlé má baà wó lé wọn lórí. Nígbà tí wọ́n bá dé òpin, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, wọn a máa wa òpó wọ̀nyí pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń bọ̀, wọn a sì jẹ́ kí òrùlé máa wó lulẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹni tí ó bá wo irú ihò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún, kò lè fi ojú lásán mọ òpó tí ó ṣì gbé òrùlé dúró àti èyí tí òrùlé kàn ń sinmi lé fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó wà á ni ó mọ̀.

Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 dá iṣẹ́ dúró ní Enugu. Kí ogun tó dé ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kúrò lórí èédú bọ́ sórí epo dísẹ́ẹ̀lì, tí a sì ti rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní ọdún 1956. Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n kò padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ihò náà ń dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó mọ wọ́n bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ ń darúgbó, wọ́n sì ń kú. Báyìí ni ọ̀nà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ń rìn lójoojúmọ́ ṣe di ọ̀nà ìkọ̀kọ̀. Kò sí ẹni tí ó fi í pamọ́. Ńṣe ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tán.

Ṣé ohun tí a kọ̀ sílẹ̀ kò ní olúwa mọ́?

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ ìtàn ihò wọ̀nyí lẹ́nu bàbá rẹ̀ àgbà. Ó mú iná, ó mú okùn, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá bi í pé ta ni ó fún un láṣẹ láti wọlé, èsì rẹ̀ yá: ilé-iṣẹ́ ti lọ, awakùsà ti lọ, ẹṣọ́ kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí a ti kọ̀ sílẹ̀ ti di ti ẹni tí ó bá rí i.

Ìdáhùn yìí kò lè dùn létí ọmọ Yorùbá tí ó bá mọ ohun tí à ń pè ní ahoro. Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igbó sì bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ tí yóò gbà pé kò ní olúwa. Ó ní àwọn tí a sin síbẹ̀, ó ní ìrántí tí ó so mọ́ ọn, ó sì ní àwọn ọmọ tí ń pe orúkọ rẹ̀ nínú oríkì wọn. Ẹni tí ó bá wọ ahoro láìbèèrè ti wọ ilé onílé, bí ilẹ̀kùn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́.

Ihò Iva Valley ní irú olúwa bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, nígbà tí aáwọ̀ owó iṣẹ́ wà láàárín àwọn awakùsà àti àwọn ọ̀gá wọn, ìjọba rán ọlọ́pàá lọ síbẹ̀ láti kó ohun abúgbàmù tí a fi ń fọ́ èédú kúrò. Àwọn awakùsà péjọ. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá pàṣẹ, ìbọn dún, awakùsà 21 sì kú. Ariwo ikú wọn kò mọ sí Enugu. Ó dé Èkó, ó dé gbogbo Nàìjíríà, ó sì wọ inú ìjà òmìnira. Hubert Ogunde, ọmọ Yorùbá, gbé eré jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1950, ó pe eré náà ní Bread and Bullet. Àwọn ọkùnrin 21 yìí kò ní ìwé ilẹ̀ kankan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí òógùn àti ẹ̀jẹ̀ bá lè sọ ilẹ̀ di ti ènìyàn, ta ni ó ní àwọn ọ̀nà náà jù wọ́n lọ?

Nítorí náà, ìdáhùn àkọ́kọ́ ṣubú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má baà sọ ju bí ó ti yẹ lọ. Pé ibì kan ní olúwa kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀ mọ́. Ọmọ tí kò bá dé ahoro baba rẹ̀ kò lè mọ ibi tí ògiri wà. Bí gbogbo ènìyàn bá jìnnà sí Iva Valley nítorí ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ náà yóò di ìgbàgbé láìpẹ́. Ohun tí ahoro ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni pé kí ó mọ̀ pé ilé ẹni ni òun wà, kí ó má sì kó ẹrù ilé lọ.

Ṣé ẹ̀mí ẹni, ti ẹni nìkan ni?

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lè gba èyí, kí ó sì wí pé òun yóò wọlé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí a bá rán an létí ewu, yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kejì pé bí ewu bá wà, orí òun ni yóò wà. Ẹ̀mí òun ni, òun ni ó sì ni í.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ewu tí à ń sọ. Nínú ihò èédú tí a ti kọ̀ sílẹ̀, igi tí a fi gbé òrùlé ró ń jẹrà, èédú tí ó kù sì ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mọ́ra. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí lójoojúmọ́, ọ́síjìn tó nǹkan bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú kọ̀rọ̀ ihò bẹ́ẹ̀, ó lè dín kù títí tí kò fi ní lè gbé ẹ̀mí ró mọ́. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ni lójú. Ẹni tí ó bá rìn wọ inú rẹ̀ lè má mọ̀ ju pé ó rẹ òun, yóò jókòó láti sinmi, kò sì ní dìde mọ́. Afẹ́fẹ́ mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ń gbiná bí ó bá pàdé iná, òmíràn sì wà tí ń pa ènìyàn bí èéfín tí a fi ilẹ̀kùn sé mọ́lé.

Nítorí irú afẹ́fẹ́ olóró bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakùsà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń lo ẹyẹ kékeré aláwọ̀ òféèfèé tí à ń pè ní canary, títí di ọdún 1986. Ara ẹyẹ náà kò gba májèlé tó ti ènìyàn. Bí ó bá ṣubú láti orí ọ̀pá nínú àgò rẹ̀, awakùsà yóò mọ̀ pé àkókò tó láti sá. Ẹyẹ náà jìn sí kòtò, ó sì kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìdí tí ikú rẹ̀ fi wúlò ni pé ojú kan wà tí ń wò ó. Ẹni tí ó dá wọ ihò láìsọ fún ẹnikẹ́ni ti sọ ara rẹ̀ di ẹyẹ tí kò sí ẹni tí ń wo àgò rẹ̀.

Síbẹ̀, èyí nìkan kò tíì dá a lóhùn, nítorí ó lè ní bí òun bá ti gbà láti kú, ọ̀rọ̀ ti parí. Ibi tí èrò rẹ̀ ti wọ́ gan-an nìyí: ọ̀rọ̀ kì í parí. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí kò délé, ìyá rẹ̀ yóò figbe ta. Àwọn ọkùnrin àdúgbò yóò mú iná. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé láti wá a yóò bá a níbi tí ó jókòó sí, yóò bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, yóò sì mí afẹ́fẹ́ kan náà. Ẹni kejì yóò wọlé láti gbé ẹni kìíní. Gbogbo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ìgbàlà nínú ihò ni ó mọ irú ikú àtọ̀tẹ̀léra yìí, tí àánú ń fi ènìyàn lé ènìyàn lọ́wọ́.

Ǹjẹ́ ó lè sọ pé òun kò rán wọn níṣẹ́? Lóòótọ́ ni, kò rán wọn. Ṣùgbọ́n ó mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Ó mọ̀ pé ìyá òun kì í ṣe òkúta, ó sì mọ̀ pé aládùúgbò òun kò ní dúró máa wo ẹnu ihò. Ẹni tí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn rere yí òun ká, tí ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, ẹ̀mí tiwọn ni ó fi kún owó tẹ́tẹ́ náà láìbi wọ́n. Ìdí nìyí tí ọdẹ tí ń lọ sí igbó jíjìn kì í fi lọ láìdágbére. Ó ń sọ ọ̀nà tí òun yóò gbà àti ọjọ́ tí òun yóò dé, kì í ṣe nítorí pé ẹ̀rù ń bà á, bí kò ṣe nítorí pé ó mọ̀ pé a ó wá òun.

Ohun tí ojú rí àti ohun tí ẹnu sọ

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti gbọ́ gbogbo èyí. Ó bá ẹni tí ó yẹ sọ̀rọ̀, ó mú ẹni tí ó mọṣẹ́ dání, ó fi ẹnì kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó wọlé, ó sì jáde láyọ̀. Ó ti rí ibi tí òrùlé ti là, ó ti rí ọ̀nà kan tí omi kún dé àjà, ọ̀nà tí kò sí ẹni tí ó rántí rẹ̀ mọ́. Kí ni ó yẹ kí ó ṣe sí ohun tí ó mọ̀? Ó lè pa ẹnu mọ́, kí ó sì fi òwe gbe ara rẹ̀: kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ.

Kí a lè mọ ohun tí irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ń bí, ó yẹ kí a fi Enugu sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a lọ sí ibi tí a ti wa èédú fún ìgbà pípẹ́ débi pé ihò tuntun ń pàdé ihò àtijọ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1815, ní Heaton, nítòsí Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn awakùsà ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá àwọn ihò àtijọ́ tí omi ti kún. Ògiri tí ó wà láàárín wọn já. Ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 75 ni ó kú síbẹ̀. Àwọn tí ó gbẹ́ ihò àtijọ́ náà kò korìíra wọn. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n. Wọ́n kàn ṣe iṣẹ́ tiwọn, wọ́n lọ, wọn kò sì fi àmì tí ó péye sílẹ̀ nípa ibi tí wọ́n gbẹ́ dé. Ó di ọdún 1872 kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá kọ ihò èédú sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi máàpù rẹ̀ fún ìjọba. Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó kí a tó fi òfin gbe ohun tí ẹ̀rí ọkàn ì bá ti sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Òfin nìkan kò sì tó. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2002, ní Quecreek, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, àwọn awakùsà 18 wà lábẹ́ ilẹ̀. Máàpù tí ó wà lọ́wọ́ wọn sọ pé ihò àtijọ́ tí a ti kọ̀ sílẹ̀ ṣì jìnnà sí wọn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300. Máàpù náà kì í ṣe irọ́ ní ọjọ́ tí a yà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni ihò àtijọ́ náà ṣì ń wa èédú lọ lẹ́yìn tí a yà á tán, ibi tí wọ́n sì dúró sí gan-an kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn awakùsà tuntun lu ògiri já, omi tí ó ti kó jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún sì ya lù wọ́n.

Ohun tí àwọn mẹ́sàn-án tí omi náà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn ṣe yẹ ní rírántí. Bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá, wọ́n fi tẹlifóònù inú ihò pe àwọn mẹ́sàn-án yòókù tí ó wà ní apá ibòmíràn, wọ́n ní kí wọ́n jáde kíákíá. Àwọn tí wọ́n pè bọ́. Àwọn tí ó pè kò rí ọ̀nà. A gbẹ́ ihò tóóró láti òkè wá bá wọn, a fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí wọn láti ibẹ̀, a sì fa omi jáde fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà ni a fi àgò irin fà wọ́n sókè láàyè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn wákàtí tí ó ju 77 lọ.

Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ dúró sójú ẹsẹ̀ níhìn-ín, ó sì fi ara rẹ̀ hàn. Àwọn mẹ́sàn-án náà jìn sí kòtò, wọ́n sì kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjìn wọn ni ó kọ́ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ń jìn ni. Àwọn tí ó ni ihò àtijọ́, ní tiwọn, kò jìn sí ibì kankan. Ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ wọn kò dé inú máàpù tí ó yẹ kí ó dé, ọ̀gbun náà sì dúró de ọmọ ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí awo ṣe yàtọ̀ sí ìdákẹ́

Àtakò kan wà tí kò yẹ kí a fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ẹni tí ó wọ ihò bá jáde, tí ó sì ń ròyìn gbogbo kọ̀rọ̀ tí ó rí, ṣé kò ní máa pe àwọn aláìgbọ́n lọ síbi ikú? Ṣé kò ní fi ọ̀nà han olè tí yóò lọ tú irin tí ó kù, tàbí ẹni tí yóò lọ wa òpó tí ó gbé òrùlé dúró? Àtakò yìí lágbára. Ó lè dà bí ẹni pé ìdákẹ́ ni ó sàn.

Ṣùgbọ́n àṣà Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tipẹ́. Awo kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún ẹni tí ó yẹ ni. Babaláwo tí kò kọ́ ọmọ awo títí ó fi kú kò pa awo mọ́, ńṣe ni ó pa awo run. Adáhunṣe tí ó mọ ewé tí ń pa ènìyàn kì í pariwo rẹ̀ lọ́jà, síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹni tí ń já ewé ọbẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ kó o délé. Ìwọ̀n tí a fi ń mọ ohun tí a ó sọ àti ohun tí a ó fi pamọ́ nìyẹn. Ẹni tí ó bá lè fara gbá nínú ìkọ̀kọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó kàn fẹ́ fi gbọ́n létí lásán kò ní in.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó jáde láti inú ihò kò jẹ gbogbo ayé ní ìròyìn. Kò jẹ ẹni tí ó fẹ́ yangàn ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ó jẹ àgbẹ̀ tí ilé rẹ̀ wà lókè ibi tí òrùlé ti là. Ó jẹ ẹnjiníà tí yóò tún gbẹ́ ilẹ̀ náà lọ́la. Ó jẹ àwọn ọmọ tí ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà náà, àti àwọn òbí tí ó rò pé ihò náà kò jinlẹ̀. Gbèsè yìí kì í ṣe ẹ̀yáwó tí ó fi ìfẹ́ inú yá. Ọjọ́ tí ó mọ̀ ni ó jẹ ẹ́.

Bí ẹni tí ó kàn yọjú wo ihò bá jẹ irú gbèsè báyìí, mélòó ni ti ẹni tí ó gbẹ́ ẹ? Ohun tí ó rọrùn jù ni láti bá ọ̀dọ́mọkùnrin oníná lórí wí. Ojú ń rí i, orúkọ rẹ̀ kúrú, kò sì ní agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó la ẹnu òkè tí kò sì padà dí i. Ní Enugu, omi ń jáde láti inú ihò Onyeama títí di òní olónìí, ó sì ń ṣàn lọ sínú odò Ekulu. Nínú òkè, omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé èròjà irin àti imí ọjọ́ tí ó wà nínú èédú, wọ́n sì ti sọ omi náà di kíkan. Ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ihò náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé òun ti kọ nǹkan sílẹ̀ nítorí pé òun kò pa owó lórí rẹ̀ mọ́, kò tíì mọ ohun tí ìkọ̀sílẹ̀ jẹ́.

Èdè Yorùbá ní orúkọ fún ẹni tí ó bá já májẹ̀mú: ọ̀dàlẹ̀ ni à ń pè é, ẹni tí ó da ilẹ̀. Ilẹ̀ ni àwọn baba fi ń mulẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí à ń ṣe tí kì í ṣe orí rẹ̀ ni a ti ń ṣe é, kò sì sí ẹni tí kì í padà sínú rẹ̀. Ẹni tí ó wọ inú ilẹ̀ láti mú èédú ti bá a mulẹ̀, bí kò tilẹ̀ bu omi mu. Ó ti gbà pé ohun tí òun bá tú, òun yóò sọ ibi tí òun tú u sí. Bí ó bá kó ọrọ̀ lọ tí ó sì fi ọ̀gbun sílẹ̀ láìsọ, kò sí orúkọ mìíràn tí ó yẹ ẹ́.

Ọgbọ́n tí a fi ikú ènìyàn rà wọ́n púpọ̀. Awakùsà 75 ti san án ní Heaton, canary tí a kò ka iye rẹ̀ ti san án, àwọn mẹ́sàn-án ti Quecreek sì súnmọ́ àtisan án. Kì í ṣe pé kí a máa jìn kí ará yòókù lè gbọ́n ni òwe àgbà ń pa láṣẹ. Ó ń rán ẹni tí ó wà lẹ́nu kòtò létí pé ọgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan ti san owó rẹ̀, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni a sì san án fún. Nítorí náà, bí ó bá ti rí kòtò, kí ó ya àmì sí i kí ó tó máa lọ. Ẹni tí ó mọ ibi tí kòtò wà tí kò sì sọ, bí ẹlòmíràn bá jìn sí i, ẹ̀bi ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kò yàtọ̀ sí tirẹ̀ mọ́.